Òkú Gbaró, Ààyè Ṣáró

Ìwé kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ tó pe maikirosíkóòpù ní "ẹ̀rọ-ìsọ-ohun-tí-ojú-kò-rí-di-rírí". Kí ọmọ iléèwé tó pè é tán, ohun tó fẹ́ wò á ti kú. Awò ti tó.

Àwọn kan pe sẹ́ẹ̀lì ní àhámọ́. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló dá orúkọ sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀: ní 1665 ó wo èèpo igi lábẹ́ awò, ó rí ihò ṣófo-ṣófo, ó fi wọ́n wé yàrá kótópó. Ihò òkú ló rí. Sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹun, tó ń bímọ, kí ló ṣe tí a fi ń tì í mọ́lé? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ sẹ́ẹ̀lì.

Sẹ́ẹ̀lì kan wà tí àwọn oníbúrẹ́dì Agége ń pè ní yíìsì. Bíbélì ní ìwúkàrà, ohun tó ń mú àkàrà wú. Ẹnì kan lè bi mí pé, ní ilé-ọtí Guinness tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, àkàrà wo ló ń wú níbẹ̀? Ṣé Abíọ́nà ń pa orúkọ dà tó bá délé ni? Ìwúkàrà ni tèmi.

Ọ̀rọ̀ wá kan ààyè. "Sẹ́ẹ̀lì abẹ̀mí" kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹ̀mí àti mímí bára tan, ìwúkàrà inú àgbá ọtí kì í sì í rí afẹ́fẹ́ mí, síbẹ̀ ó ń sọ ṣúgà di ọtí. Sẹ́ẹ̀lì ààyè ni kí a wí, bí a ṣe ń wí adìẹ ààyè lọ́jà. Àwọn apọntí ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: wọ́n á kán omi ìwúkàrà sórí dígí, wọ́n á kán methylene blue mọ́ ọn, wọ́n á fi awò wò ó. Òkú á di búlúù kíríkírí. Ààyè á mú kí àwọ̀ náà ṣí, kò ní hàn lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá kà wọ́n. "Ìdánwò ìwàláàyè" ni ìwé yẹn pè é. Nílẹ̀ aláró! Agbaró ni òkú, aṣáró ni ààyè.

Ìwé náà tún ní ìwúkàrà ń "rudi". Ohun tó bá rudi, òdòdó là ń retí lára rẹ̀. Ẹni tó bá fi awò ṣọ́ ọ fún nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, níbi tí oúnjẹ ti pọ̀, á rí i pé ọmọ ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ó tóbi, ó já, ó ń dá gbé. Ó ń yọmọ ni, àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́. Ìyá kan lè yọ nǹkan bí 25 kó tó kú, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀: àpá ìyọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìdodo o; ara ọmọ ni ìdodo ń wà.