Ogun Ibùba ní Ilẹ̀ Èkìtì

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹni tí ó bá yí òwe náà padà yóò rí ìpìlẹ̀ ọgbọ́n tí àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ fi ń jà: ogun tí a kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó ń pa akọni. Irú ogun bẹ́ẹ̀ ni ogun ibùba, èyí tí àwọn ọmọ-ogun fi ń lúgọ sínú igbó de ọ̀tá lójú ọ̀nà. Nínú ìtàn Yorùbá ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun ńláńlá bíi Jálumi àti Kírìjì ni ó gba ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí bí òye ogun wọ̀nyí ṣe lè yé ẹni tí kò mọ ohun tí igbó àti ọ̀nà tóóró túmọ̀ sí fún àwọn tí ó jà wọ́n.

Ìrísí ilẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ òkè àti igbó ni Èkìtì. Ní Ìkẹ́rẹ́, àpáta Olósùnta dúró gbagidi lórí ìlú. Ní apá Ìsẹ̀ àti Èmùrè, igbó kìjikìji ni ó bo ilẹ̀, odò Ògbèsè sì ń ṣàn kọjá ní agbègbè náà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ó so ìlú kan mọ́ èkejì, ọ̀nà tí ẹnì kan ti ń tẹ̀lé ẹnì kan. Bí ogun ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá tò lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò ní mọ ohun tí ó dé bá àwọn ti iwájú. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú a sì máa dá igbó sí yí odi àti yàrà wọn ká, kí ọ̀tá má baà rí ìlú láti òkèèrè, kí àwọn ọmọ ìlú sì rí ibi lúgọ sí. Igbó yìí kan náà ni ó gba agbára lọ́wọ́ ẹṣin. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tí wọ́n ń borí ní pápá kò rí àyè sáré láàárín igi, kòkòrò inú igbó sì ń pa ẹṣin wọn.

Ọdẹ ni olùkọ́ iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe lásán ni ìtàn ẹnu Ìkẹ́rẹ́ fi sọ pé ọdẹ ni Ògògà àkọ́kọ́, tí ó ti ìhà Ìbíní wá. Ẹni tí ó mọ bí a ti í fi ara pamọ́ de ẹran mọ bí a ti í fi ara pamọ́ de ènìyàn.

Ọgbọ́n márùn-ún ni ìtò ibùba dúró lé. Èkínní ni amí: kí a mọ iye ọ̀tá, ọ̀nà tí wọn yóò gbà, àti ibi tí wọ́n ti ń mu omi. Èkejì ni ibi: ẹsẹ̀ odò, ẹ̀gbẹ́ òkè tàbí igbó dídí, níbi tí ẹni tí a kọlù kò ti ní lè tò, tí kò sì ní rí ọ̀tún tàbí òsì sá sí. Ẹ̀kẹta ni pípín ọmọ-ogun: àwọn kan dí iwájú, àwọn kan gé ẹ̀yìn, àwọn ìyókù sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà, kí ọta ìbọn wọn má baà ba ara wọn. Ẹ̀kẹrin ni sùúrù: ikọ́ kan ṣoṣo tàbí ìbọn tí ó yọ ṣáájú àṣẹ olórí ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀tàn àti ọ̀nà àbọ̀: ìwọ̀nba ènìyàn a yọjú, wọn a sì ṣe bí ẹni ń sá, kí ọ̀tá lè lé wọn wọnú ibùba, bí ọ̀rọ̀ bá sì yí padà, ọ̀nà tí a ó gbà sá kò gbọdọ̀ ṣàjèjì. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àféèrí, òògùn tí wọ́n gbà pé ó ń sọ ènìyàn di àìrí. Ṣùgbọ́n àféèrí kò sọ ewé àti igbó di aláìwúlò.

Ohun ìjà náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà kì í lọ jìnnà, kì í sì í tọ́ dáadáa. Kíkì rẹ̀ a máa pẹ́, òjò sì ń ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́. Ní pápá gbangba, àbùkù ni gbogbo èyí. Nínú ibùba, níbi tí ọ̀tá kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, yíyìn kan ti tó, àdá àti idà yóò sì parí ìyókù. Ìyẹn ni ìlú kékeré ṣe lè dúró de ogun tí ó pọ̀ jù ú lọ.

Ọgbọ́n kan náà ni Ìbàdàn lò ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Wọ́n kọlu bùdó Ìlọrin lóru, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin kò retí wọn, ìṣẹ́gun náà ni ó sì dá ogun Ìlọrin dúró láti má lè wọ gúúsù. Kírìjì ni ó yí nǹkan padà. Ní 1878, lẹ́yìn tí Fábùnmi ti dìde sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà di Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé sì di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ní ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn, tí ó ń lọ jìnnà, tí kíkì rẹ̀ sì yá. Nígbà tí ìbọn ti lè pa ènìyàn láti òkèèrè, ogun di ti bùdó sí bùdó láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù September 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn bùdó náà tó tú.

Kò yẹ kí ìyìn ọgbọ́n yìí mú akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé ẹni tí ó jìyà rẹ̀. Ọ̀nà tí a ti ń ba de ọmọ-ogun ni a ti ń ba de àgbẹ̀ àti aláfọ̀n-ọjà, kí a lè tà wọ́n lẹ́rú. Ìtàn Àjàyí Crowther jẹ́ ẹ̀rí. Ní 1821, ogun dé bá Òṣoògùn lójijì ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ará ìlú ń palẹ̀ oúnjẹ mọ́ iná. Ọmọdékùnrin náà sá wọnú igbó pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tá ti wà níbẹ̀. Wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn. Igbó tí ó yẹ kí ó gbà wọ́n là ni ó di ibi tí a ti mú wọn. Ní gúúsù Èkìtì pẹ̀lú, kì í ṣe àjèjì nìkan ni ó gbógun wá. Adúlójú ará Adó-Èkìtì, akọni tí a kò lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìtàn, gbógun ti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí ìlú kan ń kì ní oríkì ni ìlú kejì ń ṣọ́nà fún.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ti àtijọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ 29 oṣù January 2024, àwọn agbébọn dá ọba méjì lọ́nà ní àríwá Èkìtì, Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Èsùn, wọ́n sì pa wọ́n. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni a jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé lójú ọ̀nà ní Èmùrè. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan ni a tó dá wọn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, àwọn ọdẹ wà lára àwọn tí wọ́n ké sí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí a ti í lúgọ ni ó lè sọ fún arìnrìn-àjò ibi tí kò gbọdọ̀ gbà, kí ogun náà lè di àgbọ́tẹ́lẹ̀.