Ọ̀bẹ Jámánì Kan ní Màhìn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlàjẹ ni kò mọ̀ pé Màhìn ti wà lábẹ́ Jámánì rí. Kò pẹ́ níbẹ̀ o. Ní oṣù kìíní ọdún 1885, aṣojú ilé iṣẹ́ G. L. Gaiser ti Hamburg, tó ń ra epo àti ẹkùrọ́ ní Èkó, bá Amapetu ṣe àdéhùn lórí etíkun Màhìn. Ọ̀nà tí ọjà wọn yóò gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá láìsan owó ibodè fún Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń wá. Ní oṣù kẹta, Gustav Nachtigal fi ibẹ̀ sábẹ́ ààbò ìjọba Jámánì. Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú lójú òkun. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti yọwọ́, Màhìn ti di ti Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ìbátan mi gbé ọ̀bẹ ológun kan jáde, tí wọ́n ní àwọn Jámánì ló fi ta baba ńlá wa lọ́rẹ ní ọjọ́ àdéhùn, ọ̀rọ̀ náà kò jọ irọ́ létí mi. Wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ́ sínú ìtàn ìdílé, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé baba wa wà lára àwọn tó jókòó ti Amapetu. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wúwo níbi tí wọ́n bá ti ń du oyè.

Mo ní ká kọ́kọ́ wo ara irin. Solingen ni ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní Jámánì, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú yẹn nìkan kì í sọ ọdún. Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ti Carl Eickhorn. Bó bá jẹ́ ti ọmọ ogun Prussia, ẹ yẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ wò, níbi tí kò mú, bóyá ẹ ó rí adé lórí lẹ́tà W, ti ọba wọn Wilhelm, àti nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ọdún. 85 ì bá dùn mọ́ wa gan-an. Bó bá jẹ́ 14, Kamẹrúùnù ni ọkàn mi ì bá lọ, níbi tí àwọn ọmọ ogun wa ti bá Jámánì jà láti 1914 sí 1916. Èyí tó ní àmì Hitler kò lè ṣáájú ìjọba rẹ̀, ayédèrú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà torí owó ńlá tí àwọn olùkójọ ń san. Ẹni tó bá ní bàbá òun gbà á lójú ogun Hitler náà ní àlàyé láti ṣe: Ítálì ni àwọn ọmọ ogun wa bá jà ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, Japan ni wọ́n bá jà ní Burma.

Ọ̀bẹ tiwa kò ní adé, kò ní ọ̀kẹ́rẹ́. Ìpáàrà ti jẹ ẹ́, bó ṣe yẹ kí irin tó ti bá afẹ́fẹ́ òkun gbé rí. (Èyí tó bá ń dán ní etíkun wa ló yẹ ká fura sí.) Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì fọ̀ ọ́. Nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí èkù rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ló yọ: Made in Germany.

Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1887 ló mú kí ọjà Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri, ọdún méjì lẹ́yìn àdéhùn Màhìn. Ọmọ ogun Jámánì kì í sì í gbé ọ̀bẹ tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí. Mo kọ ọ́ fún wọn pé ọ̀bẹ òwò ni. Bí baba wa bá jókòó ti Amapetu lóòótọ́, inú àwọn ìwé tí Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì kọ lọ́dún 1885 ló yẹ ká ti wá orúkọ rẹ̀.