Ilé Onídán Ni Wọ́n Bí Mi Sí

Bí wọ́n bá bí ọmọ sí agboolé ọ̀jẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran, Ọ̀jẹ́wálé, Ọ̀jẹ́níyì, Eégúnjọbí: ẹni tó bá gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ọmọ eléégún ni. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Eégún aláré ni bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn tí à ń pè ní apidán tàbí alárìnjó. Lójú agbo, bàtá á máa dún, ènìyàn á wọ inú aṣọ, erè ni yóò jáde. Erè á lọ, ọ̀nì á yọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi nílé ìwé gbà pé bí wọ́n bá mú mi bínú, n ó sọ wọ́n di ejò. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹ̀pà tí mo jẹ nítorí rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Ìtàn ẹnu àwọn baba wa sọ pé ààfin Ọ̀yọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n a sì máa dárúkọ Ológbìn Ológbojò àti Ẹ̀sà Ògbín, ẹni tí àwọn ọ̀jẹ̀ ń júbà fún kí wọ́n tó la ẹnu sun ẹ̀sà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìtàn ẹnu kò tó, ẹ̀rí òyìnbó náà wà. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí òun ń pè ní Katunga. Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré eégún fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n jó, wọ́n tàkìtì nínú àpò. Lẹ́yìn náà ni erè kan jáde, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Níkẹyìn, àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣí díẹ̀díẹ̀, ni òyìnbó funfun báláú bá yọ. Ó rù kangẹ, òtútù ń mú un, ó ń fín aáṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn èrò ń bẹ Clapperton pé kó wò ó dáadáa. Òun náà ṣe bí ẹni pé inú òun dùn tó tiwọn.

Clapperton kú ní Sókótó ní 1827, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1829. Ohun tí ojú rẹ̀ rí wà nínú ìwé náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò sí níbẹ̀. Ta ni ì bá sọ fún un?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má ṣe rò pé òru ọjọ́ kan ni wọ́n ń gbé agbára lé ọmọ lọ́wọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tàkìtì. Mo ru ẹrù eégún láti ìlú dé ìlú. Mo kọ́ oríkì orílẹ̀, nítorí ọ̀jẹ̀ tó bá dé ilé onílé tí kò mọ oríkì wọn, ebi ni yóò pa á. Nígbà tó yá ni wọ́n mú mi wọ igbó ìgbàlẹ̀, wọ́n sì tú ẹrù lójú mi. Ohun tí mo rí, n kò ní í kọ ọ́ síbí. Ẹ kàn mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, ojú iṣẹ́ ni mo fi ń wo idán, kì í ṣe ojú ẹ̀rù mọ́. Bí a ti jáde, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí pé, “Kí lo rí?”

Mo ní, “Mi ò rí nǹkan kan, Bàbá.”

Ó ní, “O ti dàgbà.”

Gbogbo ìdàgbà ilé wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará ìta ń rò pé agbára ni à ń jogún. Ẹnu tí ó lè dákẹ́ ni à ń jogún.

Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ní nǹkan bí 1830 sí 1840, àwọn ọ̀jẹ̀ bá àwọn tó ń sá lọ sí gúúsù, wọ́n sì gbé idán wọn dání. Ogun kò pa iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà tilẹ̀ bí ọmọ: Hubert Ògúndé, tí wọ́n bí ní Òṣoṣà ní 1916, lu ìlù pẹ̀lú àwọn eégún ní kékeré kó tó dá ẹgbẹ́ tíátà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ “Àiyé” jáde ní 1979, kámẹ́rà ló ń bá a pidán.

Ohun tó fẹ́ pa tiwa ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kan náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí ló ni ọ̀nì. Ọmọkùnrin méjì ló bí. Ọ̀kan di pásítọ̀, ó ní òun ò fọwọ́ kan aṣọ eégún. Èkejì wà ní Èkó, kò ráyè. Bàbá kò kọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tó kú, a ṣí àpótí rẹ̀. Aṣọ ọ̀nì wà níbẹ̀ ní pípé, ikán ò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mú un rìn. Aṣọ wà, ọ̀nì ti lọ.

Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Bí awo ò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo á tẹ́. Kéèyàn pa awo mọ́ yàtọ̀ sí kéèyàn sin ín.

Èmi mọ idán mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin kò fẹ́ ọ̀kankan. Ẹni tó ń tàkìtì jù nílé wa báyìí, tó ti sun ẹ̀sà orílẹ̀ márùn-ún lórí, ọmọ ọmọ mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 11. Wọ́n ní obìnrin kì í mọ awo, bó bá mọ̀ ọ́n, kò gbọdọ̀ wí. Àbúrò mi obìnrin gbé ègbè fún ọ̀jẹ̀ fún ogójì ọdún. Kò sí ohun tí kò mọ̀, kò sì sọ ọ́ títí ó fi kú. Àbí ta ló tún mọ bí a ti ń dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Alágbàá pẹ̀lú obì. Ó gba obì, ó ní òun yóò ronú sí i. Ọmọ náà kò tíì béèrè ohun tó wà nínú àpótí. Mo ń kíyè sí i pé ó ń wò ó.