Ìdílé Crittenden Nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà

Bí wọ́n bá dárúkọ Crittenden ní Kentucky, John Jordan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí. Ó ṣe gómìnà, ó ṣe sẹ́nétọ̀ léraléra, ó sì ṣe agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìhà Gúúsù ń palẹ̀ mọ́ láti yapa, òun ló gbé àbá ìlàjà wá sílé ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ọdún 1860. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ń yìn ín fún un. Èmi kò bá wọn lọ́wọ́ sí i, nítorí ohun tí àbá náà ń wá ni pé kí òfin dáàbò bo àṣà ìkónilẹ́rú ní ìhà Gúúsù títí ayé. Ní Kentucky nìkan, àwọn ẹrú lé ní 225,000 lọ́dún yẹn. Àbá náà forí ṣánpọ́n, ogun dé, ilé rẹ̀ sì pín sí méjì.

George, àkọ́bí rẹ̀, tó kọ́ iṣẹ́ ogun ní West Point, gba ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ. Thomas, àbúrò rẹ̀, dúró ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn méjèèjì ló dé ipò ọ̀gágun. Ìbátan wọn, Thomas Turpin, wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ bákan náà. Ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ẹ́ ní Murfreesboro ní oṣù Keje ọdún 1862.

Ogun Mill Springs ló fi ẹni tí George jẹ́ hàn. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù Kìíní, ọdún 1862, ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ la òjò àti ẹrẹ̀ kọjá láti lọ ká ọ̀tá mọ́ ibùdó. Ìbọn àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná lọ̀pọ̀ wọn gbé. Òjò pa ẹ̀tù, ìbọn kọ̀, kò dún. Kùrukùru bolẹ̀. Zollicoffer, ọ̀gágun tó wà lábẹ́ George, tí ojú rẹ̀ kì í ríran jìnnà, gẹṣin lọ bá ọ̀gá kan nínú àwọn ọ̀tá, ó rò pé ara wọn ni, ó sì ń pàṣẹ fún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa á. Ogun Gúúsù bá túká, wọ́n sá kọjá odò Cumberland lóru, wọ́n fi àgbá àti ẹṣin sílẹ̀. Ẹ̀sùn ọtí mímu kò fi George lọ́rùn sílẹ̀ mọ́. Kí ogun Shiloh tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Thomas kò sí ní Mill Springs. Nígbà tí òun sì jà ní Shiloh ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Thomas tún jà ní Stones River. Ní Chickamauga, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1863, ogun ṣẹ́ wọn, wọ́n sì mú un kúrò nípò, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí dá a láre. Bàbá wọn ti kú ní oṣù Keje ọdún náà, kò rí òpin ogun.

Wọ́n máa ń kó tẹ̀gbọ́n tàbúrò pọ̀ pé akọni làwọn méjèèjì. Thomas ló wà níbi tó tọ́.

Ẹni tó bá sì ń wá orúkọ Crittenden láàrin àwọn ọmọ ogun, kó yẹ ìwé àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ wò pẹ̀lú. Láti Kentucky, ó lé ní 23,000 wọn tó jà fún ìjọba àpapọ̀, ọ̀pọ̀ ẹrú ló sì ń jẹ́ orúkọ ìdílé olówó wọn.