Wò: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀dọ̀ Wò Láìgún Un

Ẹ jẹ́ kí a tú àyẹ̀wò palẹ̀. À- tí ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ ló ṣíwájú, yẹ̀ tẹ̀ lé e, wò ló kẹ́yìn. Yẹ̀ ni kí nǹkan kúrò lójú ibi tí ó wà: ẹsẹ̀ a máa yẹ̀, àdéhùn a máa yẹ̀, ẹni tó dí wa lọ́nà náà a máa yẹ̀ fún wa. Bí a bá gbà pé yẹ̀ yìí náà ló wà nínú àyẹ̀wò, a jẹ́ pé ohun tó bo nǹkan mọ́lẹ̀ ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ohun tí a ní láti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú tó lè tó èyí tó wà lábẹ́.

Ẹ̀dọ̀ sì nìyí, tó fi egungun ìhà ọ̀tún bora. Bí ọ̀rá bá kún inú rẹ̀, kì í sábà dun ẹnikẹ́ni. Ọdún á máa gorí ọdún, egbò á máa jiná sí àpá, àwọn oníṣègùn á sì máa ka àpá náà láti F0, níbi tí kò ti sí rárá, dé F4, níbi tí ẹ̀dọ̀ ti le koránkorán. Láyé àtijọ́, kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ ibi tó dé bí kò ṣe kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ gba àárín egungun ìhà, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gé kò ju bí ìdá kan nínú ìdá 50,000 gbogbo ẹ̀dọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àpá kì í tàn ká dọ́gba. Ibi tí kò sí ni abẹ́rẹ́ lè bọ́ sí, ìrora àti ẹ̀jẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e.

Yẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wò ló kádìí ọ̀rọ̀ náà, wò kì í sì í ṣe ti ojú nìkan. A ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ahọ́n ló ń ṣe é. A ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wò, etí ni. A ń fọwọ́ ba ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wò, ọwọ́ ni. Ẹ kíyè sí ohùn: bà di ba nítorí pé ọrùn tẹ̀ lé e, bí yẹ̀ náà ṣe ń di yẹ nínú yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ṣùgbọ́n wò tó wà ní ìparí kò ní ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́yìn, ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ dúró sí, ó sì gba gbogbo ìṣe tó bá ṣíwájú rẹ̀ mọ́ra.

Wò gba rò mọ́ra pẹ̀lú. Rò ó wò, là ń wí, rò yìí sì wà nínú ìṣirò. Ìṣirò ni FIB-4, tí wọ́n gbé jáde ní 2006 fún àwọn tí HIV àti hepatitis C jọ ń bá fínra, kó tó di ohun tí wọ́n ń lò fún ẹlẹ́dọ̀ ọ̀rá. Mẹ́rin ni ohun tó ń fẹ́: ọjọ́ orí, AST àti ALT, èròjà méjì tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ máa ń kà, àti iye platelet tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí iye tó jáde kò bá tó 1.3, kò jọ pé àpá tó le wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ju 65 lọ, 2.0 ni wọ́n ń lò fún un. Bó bá ju 2.67 lọ, ó di ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹ̀dọ̀.

Ẹni tó bọ́ sáàárín ni wọ́n ń kàn wò, bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn. FibroScan, ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ Faransé kọ̀wé jáde nípa rẹ̀ ní 2003, a máa ta awọ ara pọ́ láàárín egungun ìhà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò ṣe ń ta á wò lọ́jà. Ìgbì á wọlé, bó bá sì ṣe yára tó ni ẹ̀dọ̀ ṣe le tó. kPa ni wọ́n fi ń ka líle náà, èyí tí kò bá tó 8 sì sábà máa ń fi ọkàn ẹni balẹ̀. Kí a má jẹun fún wákàtí mẹ́ta ṣáájú o, nítorí oúnjẹ ń fa ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀, ó sì ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó le ju bó ṣe wà lọ.

Wò yìí náà tún ni ìtọ́jú. Bí ẹnìkan bá ní wọ́n ń wo òun ní ọsibítù, a kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n ń wá àrùn ni tàbí wọ́n ń lé e lọ, wò ó àti wò ó sàn kò sì jìnnà síra. Fún ẹni tó sanra, kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara dínkù lè mú ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ lọ, ó tilẹ̀ lè dín àpá kù. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí wọ́n ti sọ fún pé ọ̀rá wà lẹ́dọ̀ rẹ̀, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè bóyá èsì ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fáìlì rẹ̀ ti ní AST, ALT àti platelet. Bí wọ́n bá pé, kí wọ́n fi ọjọ́ orí rẹ̀ kún un, kí wọ́n ro ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò.