Kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Yàtọ̀ sí Fífi Gẹ̀ẹ́sì Kọ́ni: Ohun Tí Ojú Ọmọ Yorùbá Ń Rí Nínú Kíláàsì

Ìfáárà

Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń wọ kíláàsì kìíní kò gbé ọwọ́ òfo wá. Ó ti mọ orúkọ ewé àti ẹran, ó mọ bí a ṣe ń kí àgbà, ó ń pa àlọ́, ó sì lè ka ṣéńjì tí oníyọ̀ fún un kó tó kúrò nídìí àtẹ. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé ló fi mọ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè tí kò gbọ́ kọ́ ọ, gbogbo ohun tó ti mọ̀ yìí kò wúlò fún un mọ́ nínú kíláàsì.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní olódo kì í ṣe olódo. Ẹrù méjì la dì lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà: kí wọ́n kọ́ èdè àjèjì, kí wọ́n sì tún fi èdè ọ̀hún kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìtàn. Kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti fífi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni kì í ṣe ohun kan náà. Àkọ́kọ́ pọn dandan fún ọmọ Nàìjíríà. Èkejì, bí ó bá tètè yá jù, ló ń ba ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ jẹ́.

Ìbéèrè kan lójú pátákó

Mo jókòó sẹ́yìn kíláàsì kẹrin ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìgbèríko Ọ̀ṣun. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Olùkọ́ kọ ìbéèrè sójú pátákó: "What is the difference between 9 and 4?" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin kan tó jókòó nítòsí fèrèsé nawọ́, ó dìde, ó ní, "Nine is big, four is small." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kó jókòó.

Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo pè é. Mo ní, "Bí mo bá fún ọ lọ́sàn mẹ́sàn-án, tí o jẹ mẹ́rin níbẹ̀, mélòó ló kù?" Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́nu mi. "Márùn-ún ni, sà. Ṣùgbọ́n àbúrò mi á gba ọ̀kan, á wá ku mẹ́rin."

Ẹ jẹ́ ká tún ìdáhùn tó fún olùkọ́ wò. Ìyàtọ̀ ni "difference" túmọ̀ sí létí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín mẹ́sàn-án àti mẹ́rin ni pé ọ̀kan tóbi, èkejì kéré. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní ìtumọ̀ ojoojúmọ́, tó tún ní ìtumọ̀ ti oníṣirò, ló gbé e ṣubú. Nínú ìwé máàkì, wọn yóò kọ ọ́ pé kò mọ ìyọkúrò. Ìwé náà kò sọ òótọ́ nípa ọmọ yẹn.

Ìṣòro mẹ́rin

Àkọ́sórí ni àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ mì lódindi. Ọmọ tó dàgbà níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ti rí i pé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n dì sápò, tí wọ́n gbé òkúta lé, a máa kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó mọ òórùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé bó bá ṣe pẹ́ tó nínú àpò ni yóò ṣe kan tó. Ohun tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní fermentation nìyẹn. Ọmọ yìí yóò há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò kà á bí orin, láìmọ̀ pé ohun tí ìyá òun ń ṣe lẹ́yìnkùlé ni ìwé ń sọ.

Ìkejì ni ìdákẹ́. Ọmọ tó ń fi ariwo jiyàn lórí bọ́ọ̀lù ní pápá a di odi bó bá wọ kíláàsì, torí ẹni tó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ á di ẹni yẹ̀yẹ́. Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọdé, owó ìtanràn ni ẹni tó bá sọ Yorùbá níléèwé wa ń san. "Vernacular" ni wọ́n ń pe èdè ìyá wa. Mo rántí ọjọ́ tí inú ń run mí, tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí n kò sì ní kọ́bọ̀ tí mo lè fi san ìtanràn. Mo di ikùn mú, mo dákẹ́ títí aago fi lù. Ọmọ tí kò lè sọ pé ara òun kò yá, ṣé ìyẹn ló máa sọ pé òun kò lóye ẹ̀kọ́?

Ìkẹta ni ìwé kíkà. Àkọtọ́ Yorùbá ṣe é gbára lé: ọmọ tó bá mọ ìró lẹ́tà, tó sì mọ àmì ohùn, lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Gh tó wà nínú cough ń dún bí f, èyí tó wà nínú though kò dún rárá. Ọmọ tó ti ń sọ èdè kan lè forí ti irú ìdàrúdàpọ̀ yìí, torí etí rẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ náà kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí kò ní ohun tó máa dì mú. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń kọ́ ìwé kíkà láyé. Ẹni tó bá kọ́ ọ ní Yorùbá yóò gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ìkẹrin ni ilé. Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè la iṣẹ́ àṣetiléwá yé ọmọ rẹ̀, bó ti wù kí ó mọ ìṣirò ọjà tó. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìyá òun kò mọ nǹkan kan.

Kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń fa èyí. Ará kan náà ni àwọn ọmọ Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà àti àwọn ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ nílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn kan á lọ bá Gẹ̀ẹ́sì níléèwé, àwọn kejì á lọ bá Faransé. Ààlà tí òyìnbó fà ló pín èdè ìwé wọn.

Ẹ̀rí láti Ilé-Ifẹ̀

Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní iléèwé St. Stephen's 'A', Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ìpín kan nínú àwọn ọmọ náà ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún odidi ọdún mẹ́fà. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọṣẹ́ náà dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Ìpín kejì tẹ̀lé ètò tó wà nílẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìwé tó tó lò nígbà náà, wọ́n bá jókòó kọ ìwé ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ ní Yorùbá.

Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìwé tí Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1989. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹnì kan lè sọ pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mọṣẹ́ ló mú kó rí bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kókó ọ̀rọ̀ mi gan-an sì nìyẹn. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ́ ló ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ ìṣirò tí Gẹ̀ẹ́sì òun fúnra rẹ̀ kò dán mọ́rán kò lè ṣe é.

Òfin tó ń yí padà

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tó jáde ní ọdún 1977 ní kí wọ́n fi èdè ìyá tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò níbi tí wọ́n ti ń fi èdè ìyá kọ́ni.

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọdún kò bá ìdí yìí mu. Ọmọ tó ṣe ìdánwò WAEC ní ọdún 2025 ti wọ kíláàsì kìíní ní nǹkan bí ọdún 2013. Ìlànà ọdún 2022 kò bá a ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tó ṣáájú rẹ̀ náà kò kúrò nínú ìwé ní ọ̀pọ̀ iléèwé: ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá ló ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi. A kò tíì gbin irúgbìn, a ti ń sọ pé èso rẹ̀ korò.

Àtakò àti ìdáhùn

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé èdè-ìperí Yorùbá, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé èdè, ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní ọdún 1990. Lónìí, ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe àti fáwẹ̀lì ti mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Bí a ṣe wá ọ̀rọ̀ fún gírámà, tí a rí i, a lè wá ti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọwọ́ Látìn àti Gíríìkì ló ti yá èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀.

Àwọn mìíràn ń bi wá léèrè nípa Èkó, níbi tí ọmọ Ìgbò, ọmọ Haúsá àti ọmọ Ègùn ti ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan. Ìbéèrè gidi ni. Bí a bá kó ọmọ Ègùn jọ ní Àgbádárìgì, tí a fi Yorùbá kọ́ wọn láìbìkítà bóyá wọ́n gbọ́ ọ, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ọmọ tiwa la ṣe fún wọn. Ọmọ ni mò ń gbèjà, kì í ṣe Yorùbá. Kí iléèwé kọ́kọ́ wádìí èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ jù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òbí ló ṣòro jù. Òbí tó fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣẹ̀, torí ó ti rí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé èèyàn dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, èyí tí ìwádìí Ifẹ̀ sì là sílẹ̀ kò jìnnà ju èyí tí a ń tọ̀ lọ.

Ìgúnlẹ̀

Àbá mi mẹ́ta ni. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbogbo jẹ́ kí ọmọ fi èdè tó gbọ́ kàwé ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tún ìwé Yorùbá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tẹ̀. Kí wọ́n pèsè olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó mọṣẹ́, tí yóò máa kọ́ ọ lójoojúmọ́ bí ẹ̀kọ́. Kí iléèwé gbogbo dẹ́kun gbígba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó sọ èdè ìyá rẹ̀.

Ọmọ tó jókòó nítòsí fèrèsé yẹn mọ ìyọkúrò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tó ń ṣòfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í ní èdè tó gbọ́.