Irin Le, Bàbà Rọ̀: Iná Kan Náà

Láti Ààyè-Èkìtì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìhà àríwá Èkìtì yìí náà ni Ìrè wà, ẹni tó bá sì ti dárúkọ Ìrè ti dárúkọ Ògún. Àdá, ọkọ́, ìbọn, irin ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbà la kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ.

Ẹ mú wáyà bàbà, irú èyí tó wà nínú okùn iná mànàmáná. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Á kọ́kọ́ máa tẹ̀ wẹ́rẹ́, nígbà tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bí ẹ bá fi agídí ṣe é, á kán. Ohun tí ẹni tó ń fi wáyà ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ máa ń ṣe ni pé á dá a padà síná, títí á fi pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Á tún rọ̀. Irin ọ̀bẹ, bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú iná tí wọ́n rì í sómi, líle ló ń le. Bàbà kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kò ní kó le.

Ibi tí ẹ̀rí iṣẹ́ yìí ti pẹ́ kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, Igbo-Ukwu ni, ní ìpínlẹ̀ Anambra. Thurstan Shaw bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1959. Bàbà tó pọ̀ mọ́ tánńganran àti òjé ni wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú amọ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ni gbogbo ayé ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n bàbà tí kò ní àdàlù ṣòroó dà, nítorí náà òòlù ni wọ́n fi lù ú, wọ́n lọ́ ọ, wọ́n fín ọnà sí i lára. Lójú tèmi, kò sí bí wọ́n ṣe lè lù ú léraléra bẹ́ẹ̀ láì dá a padà síná.

Shaw ní iṣẹ́ náà ti wà láti nǹkan bí ọdún 800 sí 1000. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bá a jiyàn gidigidi. Wọ́n tún jiyàn lórí ibi tí bàbà náà ti wá, títí ìwádìí kan fi jáde lọ́dún 1989 tó tọ́ka sí ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, lápá Abakaliki. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú gbogbo àríyànjiyàn yẹn, ìwọ̀nba ló bèèrè nípa ọwọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kí bàbà padà síná.

Ní Ifẹ̀ ńkọ́? Bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù rárá ni wọ́n dà fi ṣe ìbòjú Ọbalùfọ̀n. Ìyẹn tó ètò ọjọ́ mìíràn.